Ta Ló Da Omi Gbígbóná Náà? Ìrírí Mi Lórí Kíkó Ẹ̀rí Ẹ̀kọ́ Jọ Fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti Nàìjíríà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì gba iṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò àbójútó àrà ọ̀tọ̀, ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí, pàápàá àwọn tí wọ́n bá fi sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà, ìyẹn àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 16 sí 19. Apá kan wà nínú iṣẹ́ náà tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: olùkọ́ ni yóò kó ẹ̀rí jọ pé ọmọ náà kọ́ nǹkan, nítorí kò sí ìdánwò tí yóò bá a sọ ọ́. Mo ti rí olùkọ́ tó mọṣẹ́ dunjú tó ń sunkún lórí fáìlì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí kò fún wa ní wàhálà rárá. Ọmọ á jókòó ṣe ìdánwò, WAEC á fi A1 tàbí F9 sí iwájú orúkọ rẹ̀, ó parí. Bí inú bàbá ọmọ ò bá dùn, òun àti èsì ìdánwò ni wọ́n jọ máa fà á. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo bá ara mi ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì mi tí yóò jókòó ṣe GCSE, ìdánwò àṣekágbá girama níbí. Ọ̀kan ń kọ́ bí yóò ṣe fi hàn pé òun fẹ́ lọ tọ̀ láìfi orí gbá ògiri. Òmíràn ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Òmíràn lè ka ìwé ìròyìn geere, ṣùgbọ́n bí a bá ní kó ra búrẹ́dì, kò mọ ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn tó bá ti dé iwájú olùtajà. Ètò ẹ̀kọ́ kálukú dá dúró, kò sì sí èyí tí mo lè fi wé èkejì.

Ìwé tí ètò wọ̀nyí dúró lé lórí ni wọ́n ń pè ní EHC plan (Education, Health and Care plan), ìwé tó sọ ohun tí ọmọ nílò àti ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kó rí gbà, èyí tí òfin Children and Families Act ti ọdún 2014 gbé kalẹ̀. Káńsù ló ń ṣe é, ó lè bá ọ̀dọ́ náà rìn títí yóò fi pé ọmọ ọdún 25, ó sì pọn dandan kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Láti Year 9, nígbà tí ọmọ bá wà ní nǹkan bí ọdún 13 sí 14, ìpàdé àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìmúrasílẹ̀ fún ìgbà àgbà: iṣẹ́ ṣíṣe, gbígbé ayé ara ẹni, dída ara pọ̀ mọ́ àwùjọ, àti ìlera. Inú apá E ìwé náà ni wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n retí pé kí ọmọ náà lè ṣe sí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó lè di ohun tí ọwọ́ lè tó ní sáà kan. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ti lé ní ọdún 16 ló ń lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní RARPA (Recognising and Recording Progress and Achievement), ìyẹn ọ̀nà láti fi ìtẹ̀síwájú akẹ́kọ̀ọ́ hàn láìsí ìdánwò, tí ó ní ìgbésẹ̀ márùn-ún: kí a mọ ohun tí ètò náà wà fún, kí a mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí a yan àfojúsùn tó bá a mu, kí a máa kọ ìtẹ̀síwájú rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò níparí, pẹ̀lú ohùn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀. Gbogbo wa nínú ẹ̀ka náà ló gbà pé ìgbésẹ̀ kẹrin ni ẹ̀rí. Ìkejì ni a máa ń fò, òun gan-an ló sì máa ń padà wá bá wa jà.

Ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ ni pé kí n kó o jọ, kó pọ̀. Fáìlì tó nípọn ni fáìlì tó dára. Nítorí náà, à ń ya fọ́tò bí ẹni ń ya ti ìgbéyàwó: ọmọ ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọmọ dúró ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ọmọ mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. A ní ìwé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi pẹ́ńsùlù tọ orúkọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá wo ìlà náà yóò mọ̀ pé ọwọ́ àgbàlagbà wà lórí ọwọ́ ọmọ. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kan náà ni: ó kópa dáadáa, ó gbádùn iṣẹ́ náà. Bí mo bá yọ orúkọ kúrò lórí fáìlì mẹ́ta, mi ò lè sọ fún ọ èwo ni ti ta ni.

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ló tú wa fó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni màmá náà, ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ alẹ́ ló sì máa ń ṣe jù. Ní ìpàdé àyẹ̀wò ọdọọdún ọmọ rẹ̀, a gbé fọ́tò kan síwájú wọn, níbi tí ọmọkùnrin náà ti di ife tíì mú pẹ̀lú ẹ̀rín, a sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó po tíì fúnra rẹ̀. Màmá wò ó, inú wọn dùn, wọ́n ní, “Ẹ ṣé gan-an ni, tíṣà, Olúwa á bù sí i fún yín.” Wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló da omi gbígbóná náà sí i?”

Mo wo olùrànlọ́wọ́ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wolẹ̀. Òun ló da omi, òun ló fi báàgì tíì sínú ife, òun ló bu ṣúgà. Ọmọ náà ló fi ṣíbí rò ó.

Màmá kò bá wa jà. Wọ́n kàn ṣàlàyé pé inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tì pa ni àwọn máa ń gbé kẹ́tùlù sí kí àwọn tó lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́, àti pé bí ó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ọmọ náà lè da omi gbígbóná láìsí ẹni tó dúró tì í, àwọn yóò gbé e síta láti ọjọ́ náà lọ, kí ó lè máa po tíì fún ara rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ẹnìkan ti fẹ́ fi ohun tí a kọ ṣiṣẹ́ nínú ilé tí ọmọ ń gbé, bẹ́ẹ̀ ohun tí a kọ kì í ṣòótọ́. Títí di ọjọ́ náà, lójú mi, àwọn olùbẹ̀wò Ofsted, tí ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò fún ìjọba, ni à ń kó ẹ̀rí jọ fún. Mi ò ronú kan kẹ́tùlù ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ gbà, kí n tó kọ ohun tó ṣe. A gé tíì pípò sí ìṣísẹ̀ kéékèèké: kí ó gbé ife wá, kí ó pọn omi sínú kẹ́tùlù dé ibi ìlà, kí ó tẹ bọ́tìnì, kí ó fi báàgì tíì sínú ife, kí ó dúró títí kẹ́tùlù yóò fi pa ara rẹ̀, kí ó da omi, kí ó yọ báàgì, kí ó fi mílíìkì sí i, kí ó dá mílíìkì padà sínú fíríìjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan ṣoṣo là ń kọ: I bí ó bá dá a ṣe, V bí a bá fẹnu sọ fún un, G bí a bá nawọ́ sí nǹkan náà, M bí a bá kọ́kọ́ ṣe é lójú rẹ̀, P bí ọwọ́ wa bá kan ọwọ́ rẹ̀. Ojú ìwé kan péré ni. Bí o bá to ti oṣù kẹsàn-án àti ti oṣù kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìwọ àti ìyá ọmọ lè jọ rí i pé P ti di G ní ibi ìlà kẹ́tùlù, àti pé ibi dída omi ṣì wà ní P gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà. Kẹ́tùlù ṣì gbọ́dọ̀ máa wọ kọ́bọ́ọ̀dù.

Lẹ́tà V yìí ló fún wa níṣẹ́ jù, ó sì yẹ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. A ti máa ń rò pé ìrànlọ́wọ́ ẹnu kéré sí ìrànlọ́wọ́ ọwọ́, pé ọmọ tí a kàn sọ̀rọ̀ fún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a ṣe. Lọ́jọ́ kan, a gba fídíò ọmọkùnrin náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì jókòó wò ó lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Kí ó tó fọwọ́ kan kẹ́tùlù, ohùn àgbàlagbà ti pọ̀ nínú yàrá náà: “gbé ife,” “ife rẹ dà,” “ó káre,” “kí ló kàn?” Kò sí ìgbà tó nà ọwọ́ láìjẹ́ pé ẹnìkan ti sọ̀rọ̀. Bí ohùn bá dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á dákẹ́. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ o, ohun tó sì kọ́ ni pé kí òun dúró de ẹnu wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ni irú èyí máa ń bá, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ṣòro púpọ̀ láti yọ kúrò ju àwòrán tàbí ìnawọ́ lọ, nítorí àwa tí à ń sọ ọ́ kì í gbọ́ ara wa. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé Yorùbá tiẹ̀ tún burú sí i níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń fà á, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a ó ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìfẹ́ la sì kà á sí. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a lẹ àwòrán ìṣísẹ̀ náà mọ́ ara ògiri, a sì fi í ṣe òfin pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn rẹ̀. Ó ni olùrànlọ́wọ́ kan lára. Ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni ń fìyà jẹ ọmọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ wo ògiri fúnra rẹ̀, tó padà wá tẹ bọ́tìnì, obìnrin yìí kan náà ló sáré wá pè mí láti kíláàsì kejì.

Nípa ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ni mo fẹ́ sọ. Àfojúsùn rẹ̀ ni kí ó lè ya owó ẹyọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ́ńsì kan, péńsì márùn-ún, pọ́n-ùn kan. A fi sáà méjì kọ́ ọ, a sì fi ìdùnnú kọ ọ́ pé ó ti yege. Lẹ́yìn náà ni mo wá ibi tí mo ti lè rí ìwé rẹ̀ àtijọ́, mo bá a nínú àpótí pé olùkọ́ rẹ̀ ní kékeré ti kọ ohun kan náà, pẹ̀lú fọ́tò kan náà, owó ẹyọ nínú àwo ike, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 12. Ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń bá wa ṣe é ni, nítorí ọmọ tó ní sùúrù ni. Ìtẹ̀síwájú tí a kọ sínú ìròyìn ọdún yẹn kò sí níbì kankan.

Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, mi kì í kọ́ wọn ní àfojúsùn tuntun kankan. Mo máa ń gbé nǹkan náà síwájú ọmọ, kí n jókòó, kí n máa wò. Ó máa ń dà bí ọ̀lẹ lójú ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, àwọn ọ̀gá kan kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tí mo bá kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo máa ń lò jù lọ títí ọdún yóò fi parí. Bí o kò bá lè rí àyè fún ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, wá àyè fún èyí. Ohun tí ọmọ kò lè ṣe ní oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú déètì lórí rẹ̀, ni yóò sọ ohun tó ń ṣe ní oṣù karùn-ún di ẹ̀rí.

Bọ́ọ̀sì ló kọ́ mi ní ohun tó tẹ̀ lé e. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ka wa, ìwé iṣẹ́ wà rẹpẹtẹ tó ń kọ́ ọmọ bí yóò ṣe ka owó ẹyọ fún awakọ̀, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láti oṣù keje ọdún 2014. Mo kó wọn dà nù. Ohun tí ọmọ nílò ni kí ó dá nọ́ńbà bọ́ọ̀sì mọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kí ó na ọwọ́ bí ó bá yẹ, kí ó fi káàdì kan ẹ̀rọ, kí ó tẹ́tí sí ohùn tó ń pe orúkọ ibùdókọ̀, kí ó tẹ bẹ́ẹ̀lì kó tó pẹ́ jù. Ọmọkùnrin kan mọ gbogbo èyí láti ilé ẹ̀kọ́ dé ọjà, I ló kún ojú ìwé rẹ̀, a sì ti fẹ́ kọ ọ́ pé ó lè dá wọ bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dí títì nítorí páìpù omi, bọ́ọ̀sì gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rù bà á débi tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọkọ̀. Nígbà tí a padà wo ìwé rẹ̀, gbogbo I tó wà níbẹ̀, olùrànlọ́wọ́ kan náà ló jókòó tì í, ní ọ̀nà kan náà, ní aago kan náà.

Nítorí náà, a fi ìlà mẹ́ta kún fóòmù wa: ibo ni, ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ló yàtọ̀ sí ti ìgbà tó kọjá. Bí ìlà kẹta bá ṣófo ní ìgbà púpọ̀ tó tẹ̀ léra, mo mọ̀ pé ẹ̀rí kan ṣoṣo là ń tún kọ. A sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí i: olùrànlọ́wọ́ á jókòó sẹ́yìn, lẹ́yìn náà á lọ sókè bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà á dúró dè é ní ibùdókọ̀ tó ń lọ. Bí ó ṣe jìnnà tó ni à ń kọ. Ọ̀nà tuntun la ń pè ní ọ̀nà tuntun lórí ìwé, kódà bí ó bá jẹ́ pé ibùdókọ̀ kan ṣoṣo ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kò rọrùn. Òfin Mental Capacity Act ti ọdún 2005 sọ ọ́ pé kí a kọ́kọ́ gbà pé ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 lè pinnu fún ara rẹ̀, àyàfi bí a bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan pàtó. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí fóòmù àwòrán láti ìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, a sì ń ya á lọ. Kì í sọ̀rọ̀, àmì ọwọ́ Makaton ló ń lò, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fi ọwọ́ sọ “dúró” sí wa nígbàkigbà tí a bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sókè. A rò pé iṣẹ́ ló ní ká dúró lé lórí. Ẹni tó wá kọ́ wọn ní orin ló béèrè lọ́wọ́ wa bóyá kámẹ́rà ni kò fẹ́. A gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún un, a fi bí wọ́n ṣe ń pa àwòrán rẹ́ hàn án. Ó pa gbogbo èyí tí ojú rẹ̀ wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ó dá ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bo ìwé ní ọ̀rá sí, nítorí ẹ̀rọ yẹn ni iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù lọ nílé ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni à ń fi pa mọ́, àti àkọsílẹ̀ ẹnu wa. Fáìlì rẹ̀ kò burú ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn àfojúsùn tuntun rẹ̀ pàápàá ti inú ohun tó dá sí yẹn jáde. Ohun tó bá jẹ mọ́ ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀ tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ má ya á láé, bí ó ti wù kí ọmọ náà ti tẹ̀ síwájú tó. Kí ẹ má sì fi fóònù ara yín ya ohunkóhun.

Ìlànà RARPA fẹ́ gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa sì ń fi àwòrán ojú ẹlẹ́rìn-ín àti ojú oníbànújẹ́ sá fún iṣẹ́ náà. A óò tẹ́ ẹ síwájú ọmọ, ọmọ á fọwọ́ kan ọ̀kan, a óò kọ ọ́ pé ó gbádùn rẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ pààrọ̀ ipò wọn. Nígbà tí mo pààrọ̀ wọn, mo rí i pé àwọn kan ń mú èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ní gbogbo ìgbà, ì báà jẹ́ ẹ̀rín tàbí ẹkún. Ohun tí ọmọ tún padà lọ mú nígbà tí a fi àyè sílẹ̀ fún un, àti ohun tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, sọ òótọ́ fún mi ju àwòrán ojú lọ.

Lẹ́yìn náà ni Kòrónà dé. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ní EHC plan ṣì lè wá bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn òbí wa dá ọmọ wọn dúró sílé nítorí ẹ̀rù àìsàn. Àwọn òbí wá di ẹni tó ń kó ẹ̀rí jọ, àwọn kan sì dójú tì wá. Màmá kan fi fídíò ránṣẹ́ níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń din dòdò, tó fi fọ́ọ̀kì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà, tó dín iná kù nígbà tí òróró bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Nínú ìwé tiwa, àfojúsùn ọmọkùnrin yìí ni kí ó fi ọ̀bẹ ike gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ olùkọ́ lórí ọwọ́ rẹ̀. Mo pe màmá lórí fóònù, mo ní, “Màmá, ẹ kò sọ fún wa rí pé ó ń din dòdò.” Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ kò bi mí.” Òótọ́ ni. Ohun tí à ń bi wọ́n lọ́dọọdún ni pé ṣé inú wọn dùn sí ìtẹ̀síwájú ọmọ. Nísinsìnyí, ìbéèrè tó ṣe pàtó ni mo máa ń fi ránṣẹ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀: ta ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ta ló ń ṣílẹ̀kùn bí àlejò bá dé, kí ló máa ń ṣe nínú ilé ìdáná láìsí ẹni tó ní kó ṣe é. Àwọn òbí wa tó jẹ́ Yorùbá kì í fẹ́ ṣàròyé lójú tíṣà, wọn kì í sì í fẹ́ fi ọmọ wọn yangàn. Bí o bá bi wọ́n ní ìbéèrè gbogboogbò, “a dúpẹ́” ni wàá gbọ́.

Ohun mìíràn tó tún mú ìkọ̀wé wa gún régé ni pé a máa ń pààrọ̀ ìwé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, láìṣàlàyé ohunkóhun. Bí ẹni tí kò mọ ọmọ náà rí kò bá lè sọ ohun tí ọmọ náà ṣe, ìwé náà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó padà sọ́dọ̀ mi pọ̀ débi tí ojú fi tì mí. Mo ti kọ ọ́ nípa ẹnìkan pé ó lọ ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ díẹ̀. Olùkọ́ tó kà á fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, díẹ̀ ti ta ni? Mo tún un kọ: ó mú mílíìkì láti inú fíríìjì láìsí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀; ó tò sórí ìlà nígbà tí mo nawọ́ sí i; ó fi káàdì kan ẹ̀rọ; ó fi mílíìkì sílẹ̀ lórí káńtà, mo sì ní láti pè é padà. Ìkejì yìí kò wu ọ̀gá kan lára àwọn ọ̀gá wa, nítorí ó ní ó dà bíi pé à ń ka àléébù ọmọ. Mi ò gbà fún un títí di òní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àléébù yẹn ti wúlò jù ni ibi iṣẹ́. Àwọn kan lára wọn máa ń lọ sí ilé ìtajà aṣọ àlòkù ti ẹgbẹ́ aláàánú lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè mọ bóyá ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní supported internship máa bá wọn mu. Oṣù mẹ́fà ó kéré tán ni ìkọ́ṣẹ́ náà, fún ẹni ọdún 16 sí 24 tó ní EHC plan. Màníjà ibẹ̀ máa ń kọ̀wé sí wa pé ọmọ dáadáa ni, gbogbo èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ó tẹ́ni lọ́rùn láti kà, kò sì wúlò fún ohunkóhun. A fún un ní ìbéèrè díẹ̀ láti dáhùn, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí ni ọmọ náà máa ń ṣe nígbà tí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ. Ó kọ ọ́ pé bí hángà bá tán, á dúró sójú kan pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ títí ẹnìkan á fi kọjá. Gbólóhùn kan yìí fún wa ní àfojúsùn fún gbogbo sáà tó tẹ̀ lé e: kí ó lè lọ bá ẹnìkan, kí ó fi káàdì tàbí ọ̀rọ̀ sọ pé nǹkan ti tán. Bíi ti hángà, bẹ́ẹ̀ ni ti ìwé ìnùdí nílé, bẹ́ẹ̀ ni ti mílíìkì.

Nípa àkókò, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìròyìn tí gbogbo èèyàn yóò kà gbọ́dọ̀ ti jáde ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kí ìpàdé àyẹ̀wò tó wáyé, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi àbọ̀ ìpàdé ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, káńsù sì gbọ́dọ̀ sọ ìpinnu rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tó bá dúró di oṣù ìpàdé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ti pẹ́. Àfojúsùn kan fún ọmọ kan lọ́sẹ̀ kan ti tó. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn olùrànlọ́wọ́ tó lọ sílé, a máa ń jókòó papọ̀, a ó mú èyí tó sọ nǹkan tuntun, a ó da ìyókù nù. Dídanù yẹn ló kọ́kọ́ ṣòro fún mi, torí wọ́n ti kọ́ wa pé bébà kì í pọ̀ jù. Fáìlì mi ti fẹ́lẹ́ gan-an báyìí.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mi ò tún kó gbogbo fáìlì ránṣẹ́ mọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń kà á níbẹ̀. Ojú ìwé méjì ni mo máa ń kọ: ohun tó lè dá ṣe àti ibi tó ti ṣe é, irú ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún un àti èyí tó máa ń bí i nínú, ohun tí à ń lépa lọ́wọ́, pẹ̀lú fídíò kúkúrú bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan pè mí ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé. Ó ní ojú ìwé méjì náà dára, ṣùgbọ́n aago iná dún láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ náà sì wọ abẹ́ tábìlì, kò jáde; kí ni àwa máa ń ṣe? Kò sí ohunkóhun nípa aago iná nínú gbogbo ohun tí a kó jọ fún ọdún mẹ́ta tó fi wà lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan la máa ń dán aago náà wò. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá fún un ní ohun tí wọ́n fi ń bo etí, tí ẹnìkan sì lọ ṣíwájú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, á tẹ̀ lé e jáde. Mo sọ ọ́ fún un lórí fóònù, mo sì fi ìlà kan kún ojú ìwé àwọn tó kù ní kíláàsì mi lọ́jọ́ náà: bí aago iná bá dún, kí ló máa ń ṣe, kí ni àwa máa ń ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá tún dán aago wò ní oṣù kẹwàá, olùrànlọ́wọ́ kan yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.